Ẹyin Méje Tí Wọ́n Fi Pẹ́ńsù Sàmì Sí ní Kubwa

Ìròyìn ti ṣáájú mi dé Ìgbájọ pé ejò ṣán mi ní Àbújá. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ kò purọ́, ìdajì ọ̀rọ̀ ló gbọ́. Ẹ jẹ́ kí n tún un ṣe kí ó tó di ìtàn ìdílé: kò sí ejò kankan tó ṣán mi. Èmi gan-an ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe ejò níkà, ejò tí a kò tíì bí pàápàá, ohun tí mo sì fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe é ni ẹ̀kọ́ kan tí mo fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kọ́ àwọn ọmọ yín.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo lò lọ́dọ̀ ọmọ àbúrò mi àti ọkọ rẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti padà, mo ń dá rẹ́rìn-ín nínú yàrá bí ẹni tí nǹkan ń ṣe. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi olùkọ́ àtijọ́, ẹ jókòó dáadáa.

Ọkùnrin tó súnmọ́ fèrèsé

Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ mọ́tò dá yín lágara. Ọ̀kan péré ni mo fẹ́ sọ. Bàbá kan láti Ẹ̀gbẹ́ ló jókòó tì mí, ènìyàn jẹ́jẹ́, ó wọ fìlà aláwọ̀ ewé. Ó bi mí pé kí ni mo ń lọ ṣe ní Àbújá. Mo ní mo ń lọ wo ọmọ àbúrò mi tó ń sin ejò. Bàbá náà wo báàgì tí mo gbé lé ẹsẹ̀. Ó rọra fà sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé.

Ó wá ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ibẹ̀ lẹ ń lọ ni, àbí ibẹ̀ lẹ ti ń bọ̀?”

Mo ní ibẹ̀ ni mo ń lọ. Ó mí kanlẹ̀. Nígbà tí a dé Lọ́kọ́jà, ó ra ẹja yíyan ńlá kan, ó sì bu ìdajì fún mi, ìdajì tó ní orí. Mo gbà pé ìdúpẹ́ ni, nítorí pé kò sí ejò nínú báàgì mi.

Ilé tí àwọn dúrọ́ọ̀ rẹ̀ ń mí

Ìbùkún ni ọmọ àbúrò mi ọkùnrin tó ti sùn nínú Olúwa. Kubwa ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, ibẹ̀ náà ló sì ń gbé pẹ̀lú ọkọ rẹ̀. Ó ń gbọ́ gbogbo Yorùbá tí ẹnikẹ́ni bá sọ, ṣùgbọ́n bí ó bá fẹ́ fèsì, a dúró díẹ̀ bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú báàgì. Mọ́mì Tíṣà ló máa ń pè mí. Ó kúnlẹ̀ sórí eékún méjèèjì lẹ́nu géètì, nínú eruku, pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lára. Mo rántí bàbá rẹ̀.

Rótìmí ni ọkọ rẹ̀, ọmọ Kábbà, òṣìṣẹ́ báńkì. Ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Ó gba báàgì mi, ó ní yàrá mi ló kọjú sí ti àwọn ọmọ, pé bí mo bá gbọ́ nǹkan tó ń họ ike, kí n má dìde, pé eré ni wọ́n ń ṣe.

Àwọn ọmọ! Mo mọ̀ pé wọn ò tíì bímọ.

Erè ni wọ́n ń sìn. Kì í ṣe òjòlá ńlá tí àwọn ọdẹ wa ń sọ pé ó gbé ewúrẹ́ mì. Erè kékeré ni, èyí tí ó jẹ́ pé bí ẹ̀rù bá bà á, a ká ara rẹ̀ jọ roboto bí bọ́ọ̀lù, a sì fi orí pamọ́ sáàárín. Inú igbó tiwa níhìn-ín ló ti ń wá, bẹ́ẹ̀ ni àwọn òyìnbó ń fi ẹ̀mí wá a kiri. Ohun tí àwọn tó ń sìn ín ń lépa ni àwọ̀ àti ọnà ara rẹ̀. Wọ́n ń ṣe akọ pọ̀ mọ́ abo, wọ́n ń dúró, wọ́n ń wò ó bóyá ọmọ tí irú rẹ̀ kò wọ́pọ̀ yóò jáde.

Yàrá náà mọ́ ju ọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ìwé mi lọ. Dúrọ́ọ̀ oníke ló tò dé òkè, ejò kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀, orúkọ wọn wà lára ike, àti ọjọ́ tí wọ́n jẹun kẹ́yìn. Ẹ mọ̀ mí, àkọsílẹ̀ tó dára a máa rọ̀ mí lọ́kàn. Síbẹ̀, nígbà tí Ìbùkún fa dúrọ́ọ̀ àkọ́kọ́, ẹnu ọ̀nà ni mo dúró sí, mo di àga mú níwájú. Ejò ibẹ̀ dúdú, ó ní àbàwọ́n pupa rúsúrúsú. Nígbà tí ó fa ìkejì, mo gbé àga sílẹ̀. Àwọ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n ni, pẹ̀lú àmì dúdú wínníwínní bí ti ara ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a gbàgbé sórí tábìlì. Ìkẹta jẹ́ àfín, ó funfun, ó sì ní ìlà bí omi ọsàn, ojú rẹ̀ pupa. Ní ìkarùn-ún, àárín yàrá ni mo wà, mo ń sọ pé kí wọ́n fa òmíràn.

Ejò tó lọ ṣe jẹ́nótáìpù

Ìdí tí wọ́n fi pè mí wá lákòókò yẹn ni ẹyin méje. Abo kan tí wọ́n ń pè ní Àdùkẹ́ ló yé wọn. Akọ tó ni wọ́n ni Ìnsípẹ́kítọ̀, nítorí pé bí a bá ṣí dúrọ́ọ̀ rẹ̀, a gbé orí sókè, a wò yín láti òkè dé ilẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ yẹ ìwé yín wò. Ìbùkún ra àwọn méjèèjì nígbà tí wọn kò nípọn ju ìka lọ. Ọdún mẹ́rin ló fi bọ́ wọn kí wọ́n tó tó ẹni tí í bímọ.

Àwọn méjèèjì rí bí erè lásán. Ṣùgbọ́n ọ̀kọ̀ọ̀kan gbé nǹkan kan pamọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, tí kò hàn lára. Bí ọmọ kan bá gba èyí tí bàbá fi pamọ́, tó sì tún gba ti ìyá, yóò jáde pẹ̀lú funfun gbòò láàárín ara, bí ẹni tí wọ́n fi aṣọ mìíràn lẹ̀. Mo pè é ní alábùlẹ̀. Orúkọ náà ni wọ́n ń lò báyìí.

Mo ní, “Ẹ dúró. Ọ̀rọ̀ AS àti AS kọ́ nìyí?”

Rótìmí ní, “Òun gan-an ni, mà. Kí Àdùkẹ́ tó gbà fún Ìnsípẹ́kítọ̀, ó ní kí ó lọ mú jẹ́nótáìpù wá.”

Mo bèèrè ìwé. Mo ya àpótí onílé mẹ́rin tí mo máa ń yà sára pátákó fún kíláàsì karùn-ún, mo sì fi hàn wọ́n ní tábìlì ìjẹun. Ọkàn mi fò. Ẹ̀kọ́ tí mo ń kọ́ láìrí i lójú rí, òun ló wà nínú àpótí ní yàrá kejì, ó gbóná, ó ń dàgbà. Rótìmí ní bó bá jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́rin, a jẹ́ pé ẹyin méje yóò mú alábùlẹ̀ méjì wá, tàbí kí ó kù díẹ̀. Mo ní rárá, ọmọ mi. Ẹyin kọ̀ọ̀kan ló ń mú kèké tirẹ̀, kò mọ ohun tí èkejì mú. Ó lè jẹ́ márùn-ún, ó lè jẹ́ òfo. Ìbùkún ní kí n má tún sọ òfo nínú ilé òun.

Yauwa

Mo jẹ́ àlejò níbẹ̀, kí n má tàn yín. Ní Kubwa, ọmọdé kì í kúnlẹ̀ kí ẹni tí kò mọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò kọjá láìkí. Sànnu ní òwúrọ̀, sànnu nígbà tí oòrùn bá mú. Rótìmí kọ́ mi ní ọ̀rọ̀ Haúsá kan ṣoṣo tí n ó fi máa dáhùn, yauwa, tó dà bí “ó dára bẹ́ẹ̀”, mo sì lò ó bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra bàtà. Ọkùnrin kan tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ nínú ọjà, ó ń bẹ̀ mí, mo ń sọ pé yauwa, yauwa. Ojú rẹ̀ fi hàn pé ó rò pé mo fẹ́ kí ó tún un tẹ̀.

Karmo ni a ti ra eku fún àwọn ejò. Bàbá kan tó jẹ́ ọmọ Gbàgyí, àwọn onílẹ̀ Àbújá, ló ń sìn wọ́n sínú àgò, eku funfun tó mọ́ tónítóní. Nígbà tí ó gbọ́ pé láti ọ̀nà jíjìn ni mo ti wá, ó gbé àga rẹ̀ fún mi, ó sì bu ẹ̀pà sí mi lọ́wọ́. Ó ní kí wọ́n bi mí bóyá mo ń bẹ̀rù ejò. Mo ní kí wọ́n sọ fún un pé mo ti kọ́ ọmọ kíláàsì kẹta ní àsìkò òjò. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di géètì mú.

Ní ìkóríta ilé wọn, Màmá Hàlímà ń dín másà. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ ọ́n, ìrẹsì ni wọ́n ń lọ̀, wọ́n á jẹ́ kí ó wú, wọ́n á wá dà á sínú àwo irin tó ní ihò kéékèèké. Bí abẹ́ rẹ̀ bá ti pọ́n, obìnrin náà á fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ yí i padà, pá, pá, pá, kò sí èyí tó fọ́. Mo máa ń jẹ mẹ́rin láàárọ̀ pẹ̀lú mìyán táúṣé, ọbẹ̀ elégédé wọn. Mo jẹ́wọ́: nígbà mìíràn, mẹ́fà ni.

Iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò rán mi

Ẹ jẹ́ kí n rọra sọ èyí.

Ní ilé-ìwé wa, a ní àpótí ìsàba fún ẹyin adìyẹ. Ẹ̀yin tí mo kọ́ rántí òfin rẹ̀. Ẹ ó kọ X sí ìhà kan ẹyin, ẹ ó kọ O sí ìhà kejì, ẹ ó sì máa yí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọmọ inú rẹ̀ yóò lẹ̀ mọ́ èèpo. Ọmọ tí iṣẹ́ kàn tó bá gbàgbé, tí gbogbo X ṣì kọjú sókè lọ́sàn-án, yóò rojọ́ níwájú mi.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, àwọn méjèèjì lọ síbi iṣẹ́. Ìbùkún ní kí n kàn máa wo òṣùwọ̀n ìgbóná lára àpótí ẹyin, kí n má ṣí i. Mo wò ó láti ìta. Àpótí náà jẹ́ ike tí a lè rí inú rẹ̀. Ẹyin méje wà nínú ìyẹ̀pẹ̀ fífúyẹ́ tó tutù díẹ̀, wọ́n tóbi ju ti adìyẹ lọ. Márùn-ún lẹ̀ mọ́ra bí àkàrà tó so pọ̀ nínú epo, méjì dá wà. Lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ti fi pẹ́ńsù kọ X. Gbogbo X náà ló kọjú sókè.

Mo mi orí. Mo ní ah, àwọn ọmọ ìsinsìnyí. Wọ́n gbé ọ̀pọ̀ owó lé òṣùwọ̀n, wọ́n gbàgbé ohun tí ọmọ kíláàsì kẹrin mọ̀.

Mo fọ ọwọ́ mi. Mo ṣí i. Mo yí àwọn méjì tó dá wà, mo rí i pé X wọn kọjú sí ilẹ̀ dáadáa. Mo gbìyànjú àwọn márùn-ún, wọn ò gbà, mo sì fi wọ́n sílẹ̀ de Rótìmí. Mo tún ọwọ́ fọ̀. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi pé: “Ẹyin méjì, mo ti yí wọn. Márùn-ún ló kù.” Mo wá lọ sùn oorun ọ̀sán, oorun ẹni tó ṣe rere.

Ní àṣálẹ́, nídìí oúnjẹ, mo kọ́kọ́ yìn wọ́n, nítorí bí a ṣe ń tún ọmọ ṣe nìyẹn. Mo ní ilé yín mọ́, àkọsílẹ̀ yín pé, ohun kékeré kan ló kù. Mo sọ ọ́. Ṣíbí Rótìmí dúró lójú ọ̀nà ẹnu.

Ìbùkún ní, “Mọ́mì, ẹ yí wọn?”

Mo ní, “Méjì péré.”

Ó gbé ife omi sílẹ̀. Ó sọ ọ́ fún mi jẹ́jẹ́, pẹ̀lú Yorùbá tó pé jù lọ tí mo tíì gbọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ti adìyẹ yàtọ̀. Ọmọ erè a so mọ́ òkè ẹyin láti ìbẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni yóò wà títí yóò fi jáde. Bí òkè bá di ìsàlẹ̀, ó lè rì sínú oúnjẹ ara rẹ̀. Nítorí ìyẹn ni wọ́n ṣe fi X sí i, kí ẹni tó bá gbé e lè mọ ojú tó gbọ́dọ̀ máa wà lókè.

A jọ wọ yàrá. Ó yí wọn padà bí ẹni tó ń gbé ọmọ tó ń sùn kúrò lẹ́yìn ìyá. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí ìdí wọn. Nínú ọ̀kan, iṣan pupa tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ hàn kedere. Nínú èkejì, mi ò rí ju òkùnkùn lọ. Òun náà kò rí iṣan kankan. Ó kọ nǹkan méjì sára ike, ó pa tọ́ọ̀ṣì.

Rótìmí ní bóyá ìdánwò ni Mọ́mì fún wọn kí wọ́n tó wọ ilé-ìwé. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà Ìbùkún bú sẹ́rìn-ín, omi sì bọ́ lójú rẹ̀ pọ̀ mọ́ ọn. Kò bá mi wí. Ohun kan ṣoṣo ló sọ.

“Ọdún mẹ́rin, Mọ́mì.”

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo lọ ra másà. Màmá Hàlímà bẹ̀rẹ̀ sí í yí wọn, pá, pá, pá. Mo kọ ẹ̀yìn sí i títí ó fi parí. Ó rò pé èéfín ló wọ̀ mí lójú.

Ẹ kú ewu ọmọ

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi ṣọ́ àpótí yẹn, ọwọ́ mi méjèèjì lábẹ́ itan. Mo mọ̀ pé erè lásán ni ọ̀pọ̀ wọn yóò jẹ́. N kò bìkítà nípa àwọ̀ mọ́. Mo kàn fẹ́ kí méje jẹ́ méje.

Àárọ̀ ọjọ́ Sátidé ni àwọn márùn-ún tó lẹ̀ pọ̀ bẹ̀rẹ̀. Wọn kì í fọ́ ẹyin bí adìyẹ. Wọ́n ń fi eyín kékeré kan là á bí ẹni tó fi abẹ la àpò ìwé, wọ́n á yọ imú, wọ́n á sì máa wo ayé fún wákàtí púpọ̀ kí wọ́n tó pinnu. Àkọ́kọ́ dúdú òun pupa rúsúrúsú, erè lásán. Ìkejì bákan náà. Nígbà tí ìkẹta jáde tán, orí rẹ̀ ní àwọ̀, ìrù rẹ̀ ní àwọ̀, gbogbo àárín funfun báláú bí ṣọ́ọ̀kì tuntun.

Ẹ ò rí Ìbùkún! Ó sáré jáde dé géètì láìwọ bàtà, kò ní ohun tó fẹ́ ṣe níbẹ̀, ó sáré padà. Aládùúgbò yọ orí lójú fèrèsé, ó bèèrè bóyá olè ni. Rótìmí dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú dúrọ́ọ̀ Àdùkẹ́, ó ní, “Ìyá wa, ẹ kú ewu ọmọ o, Ọlọ́run yóò wò ó.” Àdùkẹ́ kò dá a lóhùn. Èmi, ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin, mo jó láti yàrá ejò dé ilé ìdáná.

Àwọn méjì yòókù nínú márùn-ún jáde, erè lásán. Ní ọjọ́ Àìkú, nígbà tí a dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀kan nínú ẹyin mi méjì ti là lókè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ X gan-an. Mo kígbe débi pé Rótìmí ju kọ́kọ́rọ́ mọ́tò sínú ìkòkò.

Ó ku ẹyọ kan. Èyí tó ṣókùnkùn.

Ọjọ́ Ajé, kò sí nǹkan. Ìṣẹ́gun, kò sí. Ìbùkún wá jókòó tì mí, ó gbé ọwọ́ lé mi léjìká. Ó ní kí n má fìyà jẹ ara mi mọ́, ṣé a ti rí alábùlẹ̀, ṣé inú òun dùn. Mo ní mo gbọ́. Ọjọ́bọ̀ ni n ó padà sílé.

Ní àárọ̀ Ọjọ́rú, mo tún jókòó, mo ń wo X. Ó wá sí mi lọ́kàn pé láti ọjọ́ wọ̀nyí, ojú kan ṣoṣo ni gbogbo wa ń wò. Ọmọ tó bá tẹjú mọ́ ojú kan ìwé ìbéèrè títí, mo máa ń sọ fún un pé kí ó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀. Èmi kò sì lè yí i. Mo bá kúnlẹ̀, mo fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ilẹ̀, mo wo ìsàlẹ̀ àpótí láti ẹ̀gbẹ́.

Imú kékeré kan lẹ̀ mọ́ ike láti inú ìyẹ̀pẹ̀. Ahọ́n yọ jáde, ó wọlé.

Mo pe Ìbùkún. Ó ti wọ bàtà iṣẹ́. Ó kúnlẹ̀, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, a jọ ń wò ó. Ìsàlẹ̀ ni ọmọ náà ti la ọ̀nà tirẹ̀, bóyá láti àná, a ò mọ̀. Ó ní ó nílò afẹ́fẹ́. Ó ṣí àpótí, ó sì sún sẹ́yìn.

“Ẹ yí i, Mọ́mì.”

Mo wò ó bóyá ẹ̀gàn ni. Kì í ṣe ẹ̀gàn. Mo fọ ọwọ́ mi. Mo yí i.

Ní àtẹ́lẹwọ́

Ọ̀sán ni ó tó jáde tán. Erè lásán ni, dúdú òun pupa rúsúrúsú, kò ní funfun tó tó èékánná. Mi ò tíì rí ohun tó lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀. Ìbùkún kọ nọ́ńbà méje sára ike rẹ̀, ó ní kí n kọ orúkọ sí i fúnra mi, mo sì kọ Olùkọ́.

Ẹ̀yin tí mo kọ́ ní iṣẹ́ àgbẹ̀, mo ti kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé mi àtijọ́, ẹ bá mi kọ ọ́ sí tiyín: ẹyin adìyẹ ni mo ní kí ẹ máa yí o.

Ẹ̀yin tí ẹ sì ń bèèrè bóyá mo fọwọ́ kan ejò, bẹ́ẹ̀ ni. Lọ́jọ́ tí mo ń bọ̀, báàgì mi ti wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n gbé Olùkọ́ lé mi lọ́wọ́. Ẹ̀rù èmi yìí bà á. Ó ká ara rẹ̀ jọ, ó fi orí pamọ́ sáàárín, kò ju òkèlè kan lọ ní àtẹ́lẹwọ́ mi. Rótìmí ń fọn fèrè mọ́tò níta. Mi ò mi ọwọ́. Ojú tó bá kọ sókè, òun ni mo fi sílẹ̀ sókè.